Ẹ̀sùn lórí kíbọ́ọ̀dù tòkunbọ̀ tí mo rà ní ṣọ́ọ̀bù yín ní Sábó

Ìgbógbó,
Ìkòròdú,
Ìpínlẹ̀ Èkó.

Sí Ọ̀gá Àgbà,

Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Kíbọ́ọ̀dù Yamaha PSR-E363 tí mo rà lọ́wọ́ yín ni mo torí rẹ̀ kọ̀wé. Ẹ kọ ọ́ sínú rìsíìtì pé gbogbo kíì rẹ̀ 61 ló ń dún, pé ádápítọ̀ rẹ̀ sì wà pẹ̀lú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀.

Bí ẹ bá ka kíì funfun láti ọwọ́ òsì, ìkẹẹ̀ẹ́dógún ni C àárín. D, E àti F tó tẹ̀ lé e, pẹ̀lú dúdú tó wà láàárín D àti E, ni kò dára. D àti dúdú yẹn ń pariwo gèè bó ti wù kéèyàn rọra fọwọ́ kàn wọ́n tó. E àti F kì í dún àfi tí a bá gbá wọn mọ́lẹ̀. Ibẹ̀ sì ni ọwọ́ ọ̀tún ń gbé jù! Ọmọ tó bá fi irú èyí kọ́ dùrù nílé, ọwọ́ rẹ̀ á bàjẹ́, torí á máa fi agbára gbá ohun tó yẹ kó rọra tẹ̀.

Ẹni tó gbé fóònù yín ní “touch response”, ìyẹn ètò tó ń mú kí ohùn le tàbí kó rọ̀ bí a bá ṣe tẹ kíì sí, ni mi ò tò dáadáa. Gbogbo kíì ni ètò yẹn ń bá wí lẹ́ẹ̀kan náà. Kò lè mú mẹ́rin kó fi 57 sílẹ̀. Ó tún ní iná ló fà á. Bátìrì AA tuntun mẹ́fà la fi sí i, bákan náà ló ṣe. A wá fi wáyà USB so ó mọ́ kọ̀ǹpútà láti wo nọ́ńbà agbára ìtẹ̀ tí kíì kọ̀ọ̀kan ń fi ránṣẹ́, èyí tó máa ń wà láàárín 1 sí 127. Ti C àti ti G ń lọ sókè sódò bí ìka ṣe ń le tàbí rọ̀. Ti D ò kúrò lórí 127.

Òṣìṣẹ́ yín kan náà ló ní ká gbé e fún atúnṣe kó ṣí i. Ọ̀rọ̀ yẹn wà lórí WhatsApp. Lábẹ́ kíì kọ̀ọ̀kan ni rọ́bà kan wà tó ní ojú dúdú méjì tó ń gbé iná. Tí a bá tẹ kíì, ojú kan á kọ́kọ́ kan bọ́ọ̀dù iná tó wà nísàlẹ̀, èkejì á tẹ̀ lé e. Bí èkejì ṣe tètè dé sí ni ẹ̀rọ fi ń mọ̀ bóyá kí ohùn le tàbí kó rọ̀. Bí ọ̀kan ò bá kàn dáadáa, ìṣirò dàrú nìyẹn: ó lè pariwo, ó sì lè dákẹ́. Lábẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí, ohun mímu aládùn ti dà sí i, ó ti gbẹ, ó sì ń lẹ̀ mọ́ ìka. Ẹnìkan tún ti fi sáńpépà ha ojú dúdú náà títí rọ́bà lásán fi hàn. Ìyẹn ló dùn mí jù. Ìdọ̀tí ṣeé nù, àmọ́ ojú dúdú tí wọ́n ti ha kúrò ò ní padà wá. Ẹni tó ha á mọ̀ pé kíì wọ̀nyẹn ò dára.

Orin dẹmò lẹ fi ń dán kíbọ́ọ̀dù wò fún oníbàárà. Inú ẹ̀rọ lorin yẹn ti ń jáde, kò gba orí kíì kankan kọjá. Spíkà nìkan lẹ dán wò. Ẹ fi í sí ohùn piano, kí ẹ tẹ kíì 61 lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ rọra tẹ̀ ẹ́, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ déédéé, kí ẹ wá tẹ̀ ẹ́ kíkankíkan. Èyí tí kò bá dọ́gba pẹ̀lú ẹnìkejì rẹ̀ á fara hàn kíá.

Ti ádápítọ̀ léwu jùyẹn lọ. “INPUT 120V 60Hz” ni wọ́n kọ sí i lára, ti Amẹ́ríkà nìyẹn. 230V ni iná tiwa. Ohun tí ẹ fi bọ̀ ọ́ lẹ́nu kó lè wọ sọ́kẹ́ẹ̀tì wa ò dín iná kankan kù. Ó gbóná, ó rùn, ó kú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yẹ àwọn tó kù ní ṣọ́ọ̀bù wò kí wọ́n tó jó ilé onílé. Ádápítọ̀ tó yẹ ẹ́ gbọ́dọ̀ gba 230V, kó gbé DC 12V jáde, kí àárín ẹnu rẹ̀ jẹ́ pọ́sítíìfù.

Mo mọ̀ pé tòkunbọ̀ ni mo rà. Ara rẹ̀ tó ti ha àti sípíríǹgì bátìrì tó dípẹtà, mi ò bá yín wí lórí wọn.

Ẹ dá gbogbo owó tó wà lórí rìsíìtì padà, ẹ sì wá gbé kíbọ́ọ̀dù yín. Bí ẹ bá fẹ́ tún un ṣe, rọ́bà tuntun ni kí ẹ fi sí i, kí ẹ fi ọtí isopropyl nu bọ́ọ̀dù, kí ẹ fún mi ní ádápítọ̀ tó yẹ, kí a sì jọ tẹ kíì 61 lójú mi kí n tó gbà á. Bí mi ò bá gbọ́ nǹkan kan láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, màá gbé ẹ̀sùn yìí lọ bá àjọ FCCPC lábẹ́ òfin ààbò oníbàárà ọdún 2018.

Ẹ̀dà rìsíìtì, fọ́tò rọ́bà, bọ́ọ̀dù àti ara ádápítọ̀ wà nínú àpòòwé yìí. Ádápítọ̀ gan-an wà lọ́wọ́ mi.

Èmi ni,
Oníbàárà yín.