Ẹ̀sùn Lórí Ìrìn-Àjò Ìdajì Ọjọ́ sí Òkè Teide, Àwọn Ọgbà àti Àdúgbò Àtijọ́ La Orotava

Sí Alákòóso Ẹ̀ka Ìtọ́jú Oníbàárà,

Ẹ̀yin Ọ̀gá mi,

Mo kọ lẹ́tà yìí láti fi ẹjọ́ sùn yín lórí ìrìn-àjò ìdajì ọjọ́ tí èmi àti ìyá mi bá ilé-iṣẹ́ yín lọ ní erékùṣù Tenerife nínú oṣù Karùn-ún ọdún yìí. Yúrò 48 ni a san lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan, èyí tó jẹ́ yúrò 96 lápapọ̀. Rìsíìtì rẹ̀ wà nínú àpòòwé yìí pẹ̀lú ẹ̀dà ìpolówó yín, tí mo tẹ̀ jáde sórí ìwé kí a tó sanwó. Ìyá mi kì í fẹ́ ka nǹkan lójú fóònù ni mo ṣe tẹ̀ ẹ́ jáde. N kò mọ̀ nígbà náà pé yóò di ẹ̀rí.

Ìpolówó náà kò rújú rárá. Ó ní láàárín wákàtí 5, láti aago 8:30 sí aago 13:30, amọ̀nà yóò mú wa gun òkè lọ sí ọgbà orílẹ̀-èdè Teide láti wo ilẹ̀ tí òkè ayọnáyèéfín dá àti àwọn àpáta Roques de García. Lẹ́yìn náà, a ó fi ẹsẹ̀ rìn ní àwọn òpópónà àtijọ́ La Orotava, a ó wọ Jardines Victoria, a ó sì parí rẹ̀ sínú Jardín Botánico ní Puerto de la Cruz, tí owó ìwọlé rẹ̀ ti wà nínú ohun tí a san. Òkè, ọgbà méjì àti ìlú àtijọ́ kan ni gbogbo rẹ̀. Nítorí àwọn ọgbà yẹn gan-an ni mo ṣe yan ìrìn-àjò yín láàárín àwọn mìíràn tí mo rí, torí ẹni tó bá mọ ìyá mi mọ̀ pé tí ó bá rí òdòdó tí kò rí rí, ó tán, a ò tún lọ síbì kankan mọ́ nìyẹn.

Aago 8:30 géérégé ni ọkọ̀ yín dé iwájú hòtẹ́ẹ̀lì wa, mo sì yìn yín fún ìyẹn. Ṣùgbọ́n àwa ni a kọ́kọ́ wọlé. Lẹ́yìn wa ni bọ́ọ̀sì náà bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti hòtẹ́ẹ̀lì dé hòtẹ́ẹ̀lì, ó ń yà síhìn-ín, ó ń yà sọ́hùn-ún, ó tilẹ̀ padà gba iwájú hòtẹ́ẹ̀lì tiwa kọjá lẹ́ẹ̀kejì, tí ó fi jẹ́ pé aago 9:35 ni ẹni tó kẹ́yìn tó wọlé. Ìyá mi bi mí léèrè pé, "Ṣé a ti ń lọ ni, àbí a ṣì ń bọ̀?" Èmi náà kò mọ ohun tí mo lè fi dá a lóhùn.

Nígbà tó di aago 10:00, tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gun òkè, ọkọ̀ yà sí iwájú ilé ìtajà kan lẹ́bàá ọ̀nà. Wọ́n ní kí a sinmi, kí a mu kọfí. Kò sí ẹni tó ti rẹ̀ nínú wa, nítorí pé a kò tí ì rìn, ìpolówó yín kò sì dárúkọ ilé ìtajà kankan. Ìṣẹ́jú 45 ni a lò níbẹ̀. Wọ́n kọ́kọ́ fún wa ní ọtí aládùn tọ́ wò nínú ife kékeré, lẹ́yìn náà ni ọkùnrin kan wá dúró níwájú wa, tó ń ṣàlàyé oyin, ọṣẹ àti ìpara aloe, tó sì ń fi ìpara náà pa ẹ̀yìn ọwọ́ àwọn ènìyàn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ibẹ̀ ni ara ti bẹ̀rẹ̀ sí í fu mí. Mo mú kálàmù, mo yí tíkẹ́ẹ̀tì wa padà, mo sì kọ àwọn aago tí ó ti kọjá sílẹ̀. Láti ibẹ̀ lọ, kò sí ibi tí a dúró sí tí n kò kọ aago rẹ̀. Fọ́tò ẹ̀yìn tíkẹ́ẹ̀tì náà wà nínú àpòòwé yìí pẹ̀lú.

N kò ní í sọ pé ọ̀nà náà kò dára. Ọ̀nà TF-21 tó gba La Orotava gun òkè jẹ́ ọ̀kan lára ọ̀nà tó lẹ́wà jù lọ tí mo ti gbà rí: ènìyàn á kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó sún mọ́ òkun, á wọ inú igbó igi páìnì, á la inú ìkùukùu kọjá láìrí ohunkóhun, lójijì á sì yọ sí òkè níbi tí ojú ọ̀run ti mọ́ rekete, tí ìkùukùu tó là kọjá sì tẹ́ pẹrẹsẹ sísàlẹ̀ bí òwú. Amọ̀nà yín sọ̀rọ̀ dáadáa ní gbogbo ọ̀nà yìí. Ó ṣàlàyé pé Teide ga ní mítà 3,715, pé kò sí òkè tó ga tó o ní gbogbo ilẹ̀ Sípéènì, àti pé pẹ̀tẹ́lẹ̀ Las Cañadas tó yí i ká jẹ́ ojú ibi tí òkè àtijọ́ kan ti wó lulẹ̀ kí Teide tó yọ. Ó sọ fún wa pé ọdún 1909 ni iná yọ kẹ́yìn ní erékùṣù náà, ní ibi tí wọ́n ń pè ní Chinyero, tí ó sì jó fún ọjọ́ mẹ́wàá. Ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ ni. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn, nítorí pé n óò padà sórí rẹ̀.

Aago 11:30 ni a dé Roques de García, aago 11:47 ni ọkọ̀ kúrò níbẹ̀. Ìṣẹ́jú 17 ni ìyẹn, ẹ sì jẹ́ kí n sọ bí ó ti rí fún ẹni ọdún 71. Ó sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, ó di ọwọ́ mi mú, ó sì dúró kí èémí rẹ̀ lè balẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ga ju mítà 2,000 lọ, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ kò sì nípọn bíi ti etí òkun tí a ti ń bọ̀. A rìn díẹ̀díẹ̀ lọ sí ìdí Roque Cinchado, àpáta tí ìdí rẹ̀ tín-ín-rín ju orí rẹ̀ lọ nítorí pé òkúta ìsàlẹ̀ rọ̀ ju ti òkè lọ, tí òjò àti ẹ̀fúùfù sì ti ń jẹ ẹ́ lọ. Òun ni wọ́n yà sí ẹ̀yìn owó pẹsẹ́tà 1,000 kan kí Sípéènì tó bẹ̀rẹ̀ sí í ná yúrò. A kò tí ì débẹ̀ tí ìyá mi fi rí tajinaste. Òdòdó pupa ni, ó dúró ṣánṣán bí ọ̀pá, ó ga ju èmi fúnra mi lọ, àwọn kòkòrò oyin sì bò ó láti ìdí dé ṣóńṣó. Àwọn erékùṣù Canary nìkan ni ó ti ń hù fúnra rẹ̀, bí ó bá sì ti tanná lẹ́ẹ̀kan báyìí, ó kú nìyẹn. Ìyá mi tẹ̀ síwájú, ó ń gbìyànjú láti ka iye òdòdó kékeré tó wà lára ìlà kan ṣoṣo. Bí ó ti ń kà á lọ́wọ́ ni fèrè dún. Wọ́n ti ń pè wá padà sínú ọkọ̀. A kò dé ìdí àpáta náà. Fọ́tò kan ṣoṣo ni mo yà níbẹ̀, ẹ̀yìn ìyá mi ni ó sì wà nínú rẹ̀, ó ń sáré bí ẹni tí òjò ń lé.

Nígbà tí a ń sọ̀ kalẹ̀, amọ̀nà bẹ̀rẹ̀ ìtàn kan nípa Jardines Victoria, ọgbà tí wọ́n kọ́ ní àtẹ̀gùn àtẹ̀gùn, tí ibojì mábù funfun kan sì wà ní òkè rẹ̀. Ó ní ọ̀dọ́kùnrin ọlọ́lá kan ni ó kú ní ìlú náà ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn àlùfáà sì kọ̀ láti sin ín sí itẹ́ òkú nítorí pé ó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ Freemason, ni ìyá rẹ̀ bá pinnu láti kọ́ ibojì tirẹ̀ fún ọmọ rẹ̀. Ó wá ní òun yóò parí ìtàn náà nígbà tí a bá dúró níwájú ibojì ọ̀hún. Gbogbo ọkọ̀ dákẹ́. Ìyá mi ti gbé àpò rẹ̀ kọ́ apá kí a tó dé ìlú.

A dé La Orotava ní aago 12:45. Wọ́n sáré mú wa kọjá iwájú Casa de los Balcones, ilé tí wọ́n kọ́ ní ọdún 1632, tí bákónì rẹ̀ jẹ́ igi páìnì tí wọ́n fi ọwọ́ gbẹ́. Wọ́n sáré mú wa kọjá gbàgede níwájú ilé ìjọba ìlú, níbi tí wọ́n ti máa ń fi iyanrìn òkè Teide aláràbarà tẹ́ àwòrán ńlá sílẹ̀ nígbà ọdún Corpus Christi. Bí a ti dé géètì Jardines Victoria, amọ̀nà wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó wo ojú wa, ó sì sọ pẹ̀lú ìtìjú pé kò sí àyè láti wọlé mọ́. Láti ìta ni a ti na ọrùn wo ibojì náà láàárín irin géètì. Aago 13:05 ni ọkọ̀ kúrò ní ìlú, ìtàn náà kò sì parí.

Ohun tó dùn mí jù ni ti Jardín Botánico. Ọgbà náà kò tì, àwọn ènìyàn sì ń wọlé níṣojú wa. Ọkọ̀ yín dúró níwájú rẹ̀ ní aago 13:20, amọ̀nà sì fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn sọ fún wa látinú ọkọ̀ pé Ọba Carlos Kẹta ni ó pàṣẹ pé kí wọ́n dá a sílẹ̀ ní ọdún 1788, kí àwọn igi tí wọ́n ń kó wá láti ilẹ̀ olóoru lè kọ́kọ́ mọ́ ojú ọjọ́ ibẹ̀ lára kí wọ́n tó kó wọn lọ sí Madrid. Ẹnikẹ́ni kò sọ̀ kalẹ̀. Ìyá mi béèrè bóyá àwa méjì lè sọ̀ síbẹ̀ kí a sì fi ẹsẹ̀ wa rìn padà sí hòtẹ́ẹ̀lì, torí kò jìnnà. Wọ́n ní tíkẹ́ẹ̀tì ìwọlé ẹgbẹ́ ni owó wa wà fún, ẹnì kan tàbí méjì kò lè fi wọlé. Ní ọjọ́ kejì, àwa fúnra wa padà lọ, a san owó ìwọlé láti àpò wa, a sì lo nǹkan bíi wákàtí méjì níbẹ̀, èyí tó pọ̀ jù lọ nínú rẹ̀ lábẹ́ igi ọ̀pọ̀tọ́ ńlá kan tí gbòǹgbò rẹ̀ ti sọ̀ kalẹ̀ láti orí ẹ̀ka di òpó káàkiri.

Ẹ jẹ́ ká wá ṣe ìṣirò rẹ̀. Wákàtí 5 jẹ́ ìṣẹ́jú 300. Ìṣẹ́jú 65 lọ sí kíkó èrò jọ, 45 lọ sí ilé ìtajà, 153 lọ sí orí ọ̀nà. Ìṣẹ́jú 37 péré ni ẹsẹ̀ wa fi kan ilẹ̀ níbi tí a tìtorí rẹ̀ sanwó, 17 ní òkè àti 20 ní ìlú. Ní ti àwọn ọgbà, òdo ni. Ilé ìtajà tí kò sí nínú ìpolówó gba àkókò ju gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ lọ.

Nígbà tí mo fi ímeèlì ránṣẹ́ sí yín lọ́jọ́ kẹta, èsì tí ẹ fún mi ni pé ọkọ̀ pọ̀ lójú ọ̀nà, pé ẹ ti kìlọ̀ fún amọ̀nà kí ó máa ṣọ́ àkókò, àti pé ẹ fẹ́ yọ ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún kúrò lórí ìrìn-àjò mìíràn tí mo bá bá yín lọ. Mo dúpẹ́, ṣùgbọ́n n kò lè gba èsì náà. A kò pàdé súnkẹrẹ-fàkẹrẹ kankan. Ẹ wo àwọn aago tí mo kọ, kò sí ibi tí ìrìn ọkọ̀ ti gùn ju bó ti yẹ lọ. Ní ti amọ̀nà, orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Òun kọ́ ni ó fi ilé ìtajà sínú ètò, òun kọ́ ni ó sì pinnu pé ọkọ̀ kan ni kí ó lọ kó èrò ní gbogbo hòtẹ́ẹ̀lì ìlú lẹ́yìn tí aago ìrìn-àjò ti bẹ̀rẹ̀ sí í ká. Mo rí ìwé ètò tó mú dání: wọ́n ti tẹ àkókò ilé ìtajà sórí rẹ̀ gàdàgbà pẹ̀lú ìlà lábẹ́, wọ́n sì kọ "bí àyè bá wà" sí iwájú ọgbà méjèèjì. Èèyàn tó kọ ìwé yẹn mọ̀ pé àyè kò ní í sí.

Mo fẹ́ rán yín létí pé òfin ààbò oníbàárà ilẹ̀ Sípéènì ti ọdún 2007 sọ ọ́ ní abala 61 pé ohun tí ilé-iṣẹ́ bá kọ sínú ìpolówó rẹ̀ di apá kan àdéhùn, oníbàárà sì lè béèrè fún un, ì báà má sí nínú ìwé tí wọ́n jọ fọwọ́ sí. "Bí àyè bá wà" kò sí nínú ìpolówó tí mo tẹ̀ jáde.

Nítorí náà, mo ń béèrè pé kí ẹ dá yúrò 48 padà fún wa, èyí tó jẹ́ ìdajì owó tí a san. Gbogbo owó náà kọ́ ni mo ń béèrè, nítorí pé a rí òkè náà, a sì gbọ́ àlàyé tó níláárí. Mo tún ń fẹ́ kí ẹ fi iye ìṣẹ́jú tí èrò máa lò ní ibì kọ̀ọ̀kan sínú ìpolówó yín, títí kan ilé ìtajà, kí ẹni tó bá fẹ́ ra ìpara aloe lè mọ̀, kí ẹni tí kò fẹ́ náà sì mọ̀. Mo sì bẹ̀ yín, ẹ mú ìkìlọ̀ tí ẹ fún amọ̀nà kúrò nínú ìwé iṣẹ́ rẹ̀, bí ẹ bá ti kọ ọ́ síbẹ̀.

N óò retí èsì yín fún ọjọ́ 30. Bí n kò bá gbọ́ nǹkan kan, n óò kọ ẹ̀sùn náà sínú hoja de reclamaciones, ìwé ẹ̀sùn tí òfin ní kí ilé-iṣẹ́ bíi tiyín ní lárọ̀ọ́wọ́tó oníbàárà, n óò sì gbé ẹ̀dà rẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ oníbàárà ní erékùṣù náà.

Ìyá mi ní kí n fi kún un pé bí amọ̀nà náà bá ní àyè, kí ó jọ̀wọ́ kọ ìyókù ìtàn ibojì yẹn sí wa.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,

Oníbàárà yín