Ọ̀rọ̀ sí àwọn oníbàárà wa: ìbọn tí apá gbogbo àgbà inú ilé ká

Ẹ̀yin oníbàárà wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú àdúrótì. Láti oṣù yìí lọ, bí ẹ bá wá ra ìbọn oníkátíríìjì (èyí tó lè yọ ọ̀pọ̀ ọmọ ọta lẹ́ẹ̀kan náà) fún ìdáàbòbò ilé lọ́dọ̀ wa, a kò ní kọ́kọ́ béèrè iye tí ẹ mú wá. Ohun tí a óò bi yín ni pé: ta ló kúrú jù nínú àwọn àgbà tí yóò máa lo ìbọn yìí? Bí onítọ̀hún kò bá bá yín wá, a óò bẹ̀ yín pé kí ẹ padà lọ mú un wá. Èyí ti bí àwọn kan nínú, wọ́n ní ṣe la fẹ́ fi àkókò àwọn ṣòfò. Ìdí tí mo fi jókòó kọ lẹ́tà yìí nìyẹn.

Tọkọtaya kan ló wọlé wá. Ọkọ ga, ó sì ti mọ èyí tó fẹ́: ìbọn pọ́ǹpù (èyí tí a ń fa ọwọ́ abẹ́ ọ̀pá rẹ̀ sẹ́yìn, tí a sì ń tì í síwájú, kí ọta tuntun tó wọlé) géèjì 12 (ìyẹn ìwọ̀n bí ihò ọ̀pá rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó), ìdí rẹ̀, ìyẹn apá tí a ń fi ti èjìká, gùn tó íǹṣì 14. Ó gbé e sí èjìká, ó bá a mu, ó sì ti ń tọwọ́ bọ àpò láti sanwó. Mo ní kí ìyàwó rẹ̀ náà gbé e wò. Mo ki ọta ìdánrawò mẹ́ta sí i, èyí tó jẹ́ ike lásán tí kò ní ètù nínú. Nígbà tí obìnrin náà gbé ìdí ìbọn sí èjìká, orí ìka ọwọ́ òsì rẹ̀ nìkan ló kan ọwọ́ pọ́ǹpù. Ó fà á, kò dé ẹ̀yìn tán. Ó tì í síwájú, ọta há. Ó tún fi agbára tì í, kò lọ. Ó yíjú sí ọkọ rẹ̀, ó ní, "Bí o bá rìnrìn àjò ńkọ́, ṣé báyìí ni n ó ṣe máa bá a jà lóru?" Ọkọ dákẹ́.

Mo gbé irú ìbọn kan náà fún un, àmọ́ ìdí ti èyí kò ju íǹṣì 12 ààbọ̀ lọ. Ó fà á, ó tì í léraléra, ọta mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fò jáde, wọ́n bọ́ sórí tábìlì kọ́, kọ́, kọ́. Ọkọ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e sí èjìká: ó bá òun náà mu. Ẹni gíga lè fi ìdí kúkúrú yìnbọn dáadáa, ṣùgbọ́n ẹni kúkúrú tí ẹ gbé ìdí gígùn fún, ìyà lẹ fi jẹ ẹ́. Ṣáájú ọjọ́ náà, èyí tí oníbàárà bá fi ọwọ́ tọ́ka sí ni mo máa ń tà fún un. N kò jẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́.

Nípa irú ìbọn tó yẹ, ọ̀nà mẹ́ta ló wà. Ìbọn ẹlẹ́nu méjì rọrùn, kò ní ohun púpọ̀ tó lè bàjẹ́, àmọ́ ẹ̀ẹ̀mejì péré ni yóò dún kí ẹ tó tún un ki. Èyí tí ń ki ara rẹ̀ kì í tàpá púpọ̀, ó sì yá, ṣùgbọ́n àwọn tó dára nínú wọn wọ́n, àwọn tí kò wọ́n a sì máa ṣàṣàyàn ọta: ọta tí kò lágbára tó lè máà jẹ́ kí wọ́n ṣiṣẹ́. Ìbọn pọ́ǹpù ni mo fi ń gba ẹni tí owó rẹ̀ níwọ̀n nímọ̀ràn. Ọwọ́ yín ló ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀, kì í ṣe agbára ọta, nítorí náà kò sí irú ọta tó bá géèjì àti gígùn rẹ̀ mu tí kò ní gbà. Ohun tí ayé ti dán wò ni pẹ̀lú: ìbọn pọ́ǹpù kan tí ń jẹ́ Winchester 1897 ni àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà gbé wọ kòtò ogun nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, ó sì ká ìjọba Jámánì lára débi pé wọ́n kọ̀wé fẹ̀hónú hàn ní oṣù kẹsàn-án 1918.

Lónìí, nínú ìbọn pọ́ǹpù, Remington 870 tó ti wà láti 1950 àti Mossberg 500 tó jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960 ni a máa ń rí jù. Irin ni àpótí ara 870, alumíníọ̀mù ni ti 500, ìyẹn ló jẹ́ kí 500 fúyẹ́ díẹ̀. Bọ́tìnì ààbò 500 wà lórí, níbi tí àtàǹpàkò ti lè tẹ̀ ẹ́, ó sì dùn fún ẹni tó ń lo ọwọ́ òsì. Bí owó bá há, Maverick 88 ni kí ẹ wò. Ilé iṣẹ́ Mossberg náà ló ń ṣe é, ọ̀pọ̀ ẹ̀yà ara 500 ló bá a mu, àmọ́ bọ́tìnì tirẹ̀ wà lẹ́bàá ìkọ́ tí a ń fà. Bí ẹ bá bi mí, màá ní kí ẹ ra èyí tó dínwó, kí ẹ fi ìyókù owó ra ọta, kí ẹ lọ máa fi ṣe ìdánrawò. Ọ̀pá ìbọn tó gùn ní íǹṣì 18 tàbí 18 ààbọ̀ tó fún inú ilé. Ẹ má ṣe gé e kúrú. Òfin Amẹ́ríkà ti 1934 kò fẹ́ kó dín ní 18 láìgba àṣẹ pàtàkì, ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè mìíràn sì le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ béèrè òfin ibi tí ẹ ń gbé, kí ẹ sì gba ìwé àṣẹ kí ẹ tó wá.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ géèjì, nítorí ó lè gba ẹ̀mí. Géèjì 12 túmọ̀ sí pé bí a bá pín òjé pọ́n-ùn kan sí ọta roboto 12 tó dọ́gba, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ni yóò bá ihò ọ̀pá ìbọn náà ṣe régí. Ìdí nìyẹn tí géèjì 20 fi kéré sí 12: ihò 12 fẹ̀ tó mìlímítà 18.5, ti 20 jẹ́ 15.6. Géèjì 20 kì í tàpá tó 12 bí ọta bá ṣe déédéé, ó sì tó fún inú ilé, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe tijú láti rà á. Ohun tí ẹ ò gbọdọ̀ ṣe ni pé kí ẹ da ọta méjèèjì pọ̀ sínú ilé kan. Mo máa ń fi ọta ìdánrawò han àwọn oníbàárà: mo ṣí ìbọn 12, mo ju ọta 20 sínú ọ̀pá rẹ̀. Ó yọ̀ wọlé, ó há níwájú, ojú ò rí i mọ́. Lẹ́yìn náà mo ki ọta 12 tẹ̀ lé e, ó wọlé wẹ́rẹ́ bí ẹni pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Bó bá jẹ́ ọta gidi ni, ọ̀pá ìbọn yóò bẹ́ mọ́ ẹni náà lọ́wọ́. Torí èyí ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ fi ń fi àwọ̀ òféèfèé ṣe ọta 20.

Nípa ọta, èyí tí wọ́n kọ 00 Buck sí lára ni ọ̀pọ̀ ń lò: ọmọ ọta mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án ló máa ń wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó lágbára, ó sì lè la ògiri pátákó kọjá dé yàrá kejì. Ọta tí wọ́n fi ń pa ẹyẹ kì í wọnú jìnnà. Àwọn kan gbà pé ìbọn oníkátíríìjì kò nílò kí ènìyàn fojú sùn ún. Irọ́ ni. Ní mítà márùn-ún, tó jẹ́ gígùn yàrá, àwọn ọmọ ọta náà sábà máa ń kó ara wọn jọ síbi tí kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ẹ yìn ín sí bébà ńlá ní pápá ìdánrawò, pẹ̀lú ìbòtí létí, kí ẹ fojú ara yín rí ohun tí ìbọn yín ń ṣe.

Iná tọ́ọ̀ṣì ṣe pàtàkì bí ọta fúnra rẹ̀. Ọmọ tó jí lóru láti lọ mu omi, ẹ̀gbọ́n tó dé láìròtẹ́lẹ̀, nínú òkùnkùn gbogbo wọn dà bí olè. Ẹ mọ ẹni tó wà níwájú yín, ẹ mọ ẹni tó ń sùn lẹ́yìn ògiri, kí ìka tó kan ìkọ́. Bọ́tìnì ààbò kò ju pé ó dá ìkọ́ dúró. Bí ìbọn pọ́ǹpù bá ṣubú lulẹ̀, ó lè dún síbẹ̀. Nítorí náà, kí ọta máa wà nínú páìpù ìsàlẹ̀ ọ̀pá, níbi tí wọ́n ti ń dúró kí a tó fà á, kí ihò ọ̀pá ṣófo, kí gbogbo rẹ̀ sì wà nínú àpótí onítẹ̀ka tí àgbà lè ṣí nínú òkùnkùn tí ọmọdé kò lè ṣí. Lórí kọ́bọ́ọ̀dù kò tó. Ọmọdé mọ ibẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ ra àlòkù, kó rí i dájú pé kò ní ọta nínú, kó sì fi iná wo inú ọ̀pá láti ìdí. Bí ó bá wú níbì kan tàbí tí ó tẹ̀ wọnú, ẹ fi sílẹ̀, iye yòówù tí wọ́n bá pè é.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ra ìbọn lọ́wọ́ wa tẹ́lẹ̀ tí ìdí rẹ̀ gùn jù fún ẹnì kan nínú ilé yín, ẹ gbé e wá pẹ̀lú onítọ̀hún. Ẹ yọ gbogbo ọta kúrò, ẹ jẹ́ kí ìbọn náà wà nínú àpò, ẹ má sì kó ọta wọ ṣọ́ọ̀bù. A óò pààrọ̀ ìdí rẹ̀ sí kúkúrú, owó igi tàbí ike nìkan lẹ máa san, a kò ní gba owó iṣẹ́. Ọta ìdánrawò wà lórí tábìlì, ẹ lè dúró fà á títí ọwọ́ yóò fi mọ̀ ọ́n.

Tiyín ní tòótọ́,
Ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù