Ibùdókọ̀ ló yẹ kí Ìlọrin kọ́kọ́ rò, kó tó kan bọ́ọ̀sì

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Bí gósùlóò ṣe ń le sí i láti Post Office títí dé Tanke, ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀sì tó ní ọ̀nà tirẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní BRT l'Ékòó, ti ń jẹyọ lẹ́nu àwọn ará Ìlọrin. Inú wa dùn sí i. Ohun tó ń kọ wá lóminú ni pé iye bọ́ọ̀sì tí ìjọba máa rà ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà. Bọ́ọ̀sì ló yẹ kó kẹ́yìn. Àwọn ìlú Ṣáínà ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí fún ohun tó lé ní ogún ọdún, ohun tí tiwọn sì fi yé wa ni pé ibùdókọ̀ ló ń sọ bóyá ọ̀nà náà máa ṣiṣẹ́ tàbí kò ní ṣiṣẹ́, àti ẹ̀gbẹ́ tí ilẹ̀kùn bọ́ọ̀sì bá wà.

Kunming ló kọ́kọ́ ya àárín títì sọ́tọ̀ fún bọ́ọ̀sì ní Ṣáínà, lọ́dún 1999. Beijing ṣí tirẹ̀ ní ìparí ọdún 2004, sí ìhà gúúsù ìlú náà. Nígbà tí wọ́n fi máa parí rẹ̀, ó ti tó nǹkan bíi kìlómítà 16. Hangzhou tẹ̀lé e lọ́dún 2006, Changzhou àti Xiamen lọ́dún 2008, Guangzhou ní oṣù Kejì ọdún 2010, Yichang lọ́dún 2015. Gbogbo wọn kọ́ ni a ní láti gbé yẹ̀wò. Ẹ jẹ́ ká fi Beijing wé Guangzhou.

Ní Beijing, pèpéle kan ṣoṣo, ìyẹn ibi gíga tí èrò ń dúró sí láti wọ bọ́ọ̀sì, ló wà láàárín títì, tí bọ́ọ̀sì àlọ gba ẹ̀gbẹ́ kan, tí ti àbọ̀ gba ẹ̀gbẹ́ kejì. Apá ọ̀tún títì ni wọ́n ń gbà wakọ̀ ní Ṣáínà bíi tiwa, nítorí náà apá òsì ọkọ̀ ni ilẹ̀kùn ní láti wà kí èrò tó lè bọ́ sórí pèpéle yẹn. Bọ́ọ̀sì tí ilẹ̀kùn rẹ̀ wà lápá òsì kò lè já èrò sílẹ̀ létí títì lásán, torí àárín ọkọ̀ tó ń sáré bọ̀ lèrò máa bọ́ sí. Inú ọ̀nà yẹn nìkan ló lè máa lọ, tó sì lè máa bọ̀. Ẹni tí ilé rẹ̀ jìnnà sí i gbọ́dọ̀ wọ ọkọ̀ mìíràn débẹ̀, kó bọ́, kó tún wọ òmíràn. Bọ́ọ̀sì tó ń gba ibẹ̀ kì í sì í pọ̀, ìyẹn ni àwọn tó jókòó sínú mọ́tò tiwọn fi máa ń wo ọ̀nà tó ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, tí wọ́n á máa bínú.

Guangzhou gba ibòmíràn wò ó. Ní Zhongshan Avenue, tí ọ̀nà bọ́ọ̀sì rẹ̀ gùn tó kìlómítà 22 àti ààbọ̀ pẹ̀lú ibùdókọ̀ 26, wọ́n kọ́ pèpéle fún àlọ, wọ́n kọ́ òmíràn fún àbọ̀, kí ilẹ̀kùn apá ọ̀tún tí gbogbo bọ́ọ̀sì ní lè wúlò. Bọ́ọ̀sì bíi ọgbọ̀n oríṣi, tó ń ti àdúgbò tó yàtọ̀ síra bọ̀, ń wọ inú ọ̀nà náà, wọ́n ń bá a lọ níbi tí ọkọ̀ ti pọ̀ jù, wọ́n sì ń yà kúrò nínú rẹ̀ lọ sí àdúgbò èrò wọn láìjẹ́ pé èrò sọ̀ kalẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ pààrọ̀ bọ́ọ̀sì nínú ibùdókọ̀ tó sì ń lọ síwájú kì í tún owó san. Láàárín oṣù díẹ̀, èrò tó ń gba ibẹ̀ lójúmọ́ ti tó bíi 800,000, ó sì ń kó ju 25,000 èrò lọ nígbà náà sí ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ní wákàtí tí èrò pọ̀ jù.

Ti Guangzhou yìí ló bá Ìlọrin mu, ìdí rẹ̀ sì hàn kedere fún ẹnikẹ́ni tó bá mọ ìlú wa. Títì tó fẹ̀ wà ní apá Tipper Garage àti ọ̀nà Yunifásítì. Ọ̀nà Ọjà Ọba, Gambari àti àwọn àdúgbò àtijọ́ kò fẹ̀, a ò sì gbọ́dọ̀ wó ilé onílé torí bọ́ọ̀sì. Tí ilẹ̀kùn bá wà lápá ọ̀tún, ọ̀nà bọ́ọ̀sì lè parí síbi tí títì ti há, kí bọ́ọ̀sì máa bá ọkọ̀ yòókù lọ títí dé Ọjà Ọba, kó já èrò sílẹ̀ létí títì bó ṣe máa ń rí. Tó bá jẹ́ apá òsì, ẹsẹ̀ lèrò máa fi rin èyí tó kù.

Iye èrò ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ kà, iye ọkọ̀ kò tó. Kí wọ́n fi ẹni méjì méjì sí Post Office, Challenge, Tipper Garage, Tanke Òkè-Odò àti ẹnu ọ̀nà Yunifásítì. Kí ẹnì kan máa ka tákísì, kẹ̀kẹ́ Márúwá, ọ̀kadà àti bọ́ọ̀sì ní ìṣẹ́jú 15-15, kí èkejì máa kọ iye orí tó wà nínú wọn, láti aago mẹ́fà ààbọ̀ sí mẹ́wàá àárọ̀, àti láti aago mẹ́ta ọ̀sán sí mẹ́jọ alẹ́. Kí wọ́n ṣe é nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá wà nílé ẹ̀kọ́. Ẹni tó bá kà á nígbà ìsinmi máa kọ́ ibùdókọ̀ tí kò ní gba èrò. Kí wọ́n ka ọjọ́ Jímọ̀ lọ́tọ̀, nítorí agbègbè Ọjà Ọba ní ọ̀sán Jímọ̀ kì í rí bíi ti ọjọ́ Ìṣẹ́gun rárá. Kí wọ́n sì bi àwọn tó ń sọ̀ kalẹ̀ ní Ọ̀ffà Garage léèrè ibi tí wọ́n tún ń lọ, torí àwọn tó ń ti Ọ̀ffà àti Òmù-Àrán wọlé kì í sábà dá ìrìn wọn dúró síbẹ̀.

Lẹ́yìn náà ló kan ìṣirò ibùdókọ̀. Ká ní èrò 20 fẹ́ wọ bọ́ọ̀sì kan, tí wọ́n ń sanwó fún awakọ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn kan ṣoṣo. Bí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá gba ìṣẹ́jú-àáyá 3, ìṣẹ́jú kan gbáko ti lọ. Ẹ fi ìṣẹ́jú-àáyá 10 kún un fún dídúró, ṣíṣí ilẹ̀kùn, títì í padà àti ṣíṣí kúrò, ó di 70. Ṣùgbọ́n bí èrò bá ti sanwó lẹ́nu ọ̀nà ibùdókọ̀, tí pèpéle bá ilẹ̀ bọ́ọ̀sì dọ́gba, tí ilẹ̀kùn mẹ́ta sì ṣí lẹ́ẹ̀kan náà, èrò bíi méje péré ló máa gba ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan, ẹnì kọ̀ọ̀kan kò sì ní lò tó ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá 3 yẹn. Àpapọ̀ rẹ̀ kò ní ju ìṣẹ́jú-àáyá 20 lọ.

Bọ́ọ̀sì kì í dé létòlétò. Méjì mẹ́ta a máa dé pọ̀. Nítorí náà àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí kì í jẹ́ kí bọ́ọ̀sì gba ibi ìdúró kan ju nǹkan bíi ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún wákàtí kan lọ, ìyẹn ìṣẹ́jú-àáyá 1,440. Ẹ pín in sí 70: bọ́ọ̀sì 20 ló máa kọjá ní wákàtí kan. Ẹ pín in sí 20: ó di bọ́ọ̀sì 72. Bí bọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan bá gbé èrò 60, ti àkọ́kọ́ máa kó 1,200, èkejì máa kó 4,320. Títì ò fẹ̀ sí i, awakọ̀ ò sáré sí i. Ibi tí wọ́n ti ń gba owó àti gíga pèpéle nìkan ló yí padà. Nígbà tí èrò bá wá pọ̀ ju èyí lọ, kí wọ́n fi ibi ìdúró kún un, kí wọ́n sì fi àyè sílẹ̀ tí bọ́ọ̀sì tó wà lẹ́yìn lè gbà kọjá èyí tó dúró níwájú. Guangzhou ṣe bẹ́ẹ̀ ní ibùdókọ̀ rẹ̀ ńláńlá, irú èyí tó wà ní Gangding. Tí àyè ìkọjá yẹn kò bá sí, bọ́ọ̀sì kan tí táyà rẹ̀ fọ́ ti dá gbogbo ọ̀nà dúró.

A mọ̀ pé wọ́n á ní títì wa kò lè gbà á. Ọ̀nà bọ́ọ̀sì kan fẹ̀ tó mítà 3 àti ààbọ̀. Níbi ìdúró, méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan jẹ́ mítà 14, pèpéle á sì gba mítà 4. Bí pèpéle àlọ àti ti àbọ̀ bá kọjú síra, mítà 8 ni wọ́n máa gbà; tí ọ̀kan bá wà níwájú tí èkejì wà lẹ́yìn, mítà 4 tó. Ibi ìdúró nìkan ló nílò ìyẹn, títì yòókù kò nílò ju mítà 7 lọ fún bọ́ọ̀sì. Xiamen gbé tirẹ̀ sórí afárá gígùn. A ò gbà pé ó yẹ Ìlọrin: owó afárá kan tó láti ṣe ọ̀pọ̀ ibùdókọ̀ nílẹ̀, àgbàlagbà sì gbọ́dọ̀ gun àtẹ̀gùn kó tó rí ọkọ̀ wọ̀.

Oríta ló tún máa ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́. Bọ́ọ̀sì tó ń lọ tààrà láàárín títì àti mọ́tò tó fẹ́ yà sápá òsì kò lè jọ lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí wọ́n bá wá fún gbogbo ẹ̀gbẹ́ àti gbogbo yíyà ní iná tirẹ̀, iná á di ìpele mẹ́rin, bọ́ọ̀sì kò sì ní rí ju bíi ìṣẹ́jú-àáyá 25 gbà nínú 120. Ọ̀pọ̀ oríta lè má gba yíyà sápá òsì mọ́, kí ọkọ̀ lọ síwájú díẹ̀, kó ṣẹ́rí padà, kó wá yà sápá ọ̀tún. Iná á wá ku ìpele méjì, bọ́ọ̀sì á sì rí tó ìṣẹ́jú-àáyá 50. Kí ibùdókọ̀ sì fi bíi mítà 40 jìnnà sí oríta, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, bọ́ọ̀sì tó ń dúró de iná ni kò ní jẹ́ kí èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ rí ibi já èrò sí.

Ohun kan wà tí kì í hàn nínú àwòrán: ilẹ̀ tí bọ́ọ̀sì ń dúró lé. Ojú kan náà ni gbogbo bọ́ọ̀sì máa ń tẹ búréèkì, ojú kan náà ni táyà wọn sì ń tẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́. Oòrùn Ìlọrin a máa rọ ọ̀dà. Láàárín ọdún díẹ̀, táyà á ti gbẹ́ kòtò méjì gbọọrọ sójú ọ̀dà náà, bọ́ọ̀sì á rì sínú rẹ̀, pèpéle tó bá a dọ́gba lánàá á wá ga jù ú lọ, omi òjò á sì dúró síbẹ̀ títí tí ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ á fi rọ̀. Kọnkéré tó nípọn tó sẹ̀ntímítà 25, tó ní irin nínú, ló yẹ kó wà níbi ìdúró, kó sì gùn kọjá rẹ̀ síwájú àti sẹ́yìn. Kí etí pèpéle rọra dagun nísàlẹ̀, kí awakọ̀ lè fi táyà fara kàn án láìbẹ̀rù pé ó máa ya. Àlàfo tó bá ju sẹ̀ntímítà 10 lọ láàárín ilẹ̀kùn àti pèpéle ti pọ̀ jù fún ìyá tó pọnmọ. Bọ́ọ̀sì tí ilẹ̀ rẹ̀ ga tó sẹ̀ntímítà 30 sí 35 ló dáa jù, torí ó tún lè já èrò sílẹ̀ létí títì. Ṣùgbọ́n irú rẹ̀ máa fi ikùn gbo àwọn bọ́ǹpù gíga tí àwọn àdúgbò wa fi símẹ́ńtì mọ. Kí wọ́n tún bọ́ǹpù ojú ọ̀nà rẹ̀ ṣe kí bọ́ọ̀sì tó dé.

Iye bọ́ọ̀sì tí gbogbo èèyàn ń bèèrè, ìṣirò kékeré ni. Ká ní àlọ àti àbọ̀ jẹ́ kìlómítà 20, tí bọ́ọ̀sì fi ìṣẹ́jú 10 sinmi, tí a sì fẹ́ kí ọ̀kan máa dé ní ìṣẹ́jú mẹ́ta àti ààbọ̀. Bí ìyára rẹ̀ bá jẹ́ kìlómítà 20 ní wákàtí kan, ìrìn náà gba ìṣẹ́jú 70, bọ́ọ̀sì 20 tó. Bí kẹ̀kẹ́ àti mọ́tò bá wọ ọ̀nà rẹ̀ tí ìyára já sí 12, ó di ìṣẹ́jú 110, bọ́ọ̀sì 32 la nílò láti kó èrò kan náà. Ẹ fi bíi ìdá kan nínú mẹ́wàá kún un fún àwọn tó wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Ẹni tó bá gba mọ́tò láyè nínú ọ̀nà bọ́ọ̀sì torí pé ẹni tó ń wà á wọ aṣọ ìjọba ń ná owó bọ́ọ̀sì 12 dànù.

Ó ku àwọn awakọ̀. Bó bá jẹ́ orí iye èrò ni wọ́n ti ń san owó fún ilé iṣẹ́ tó ń wa bọ́ọ̀sì, bọ́ọ̀sì á máa dúró de èrò kó kún. Kí wọ́n san án lórí kìlómítà tó bá rìn, kí wọ́n sì yọ nínú rẹ̀ bí kò bá dé lásìkò. Ní Guangzhou, àwọn ilé iṣẹ́ tó ń wa bọ́ọ̀sì yàtọ̀ sí ẹni tó ń bójú tó ibùdókọ̀ àti yàrá tí wọ́n ti ń ṣọ́ ọ̀nà. L'Ékòó, nígbà tí BRT bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2008 láti Mile 12 dé CMS, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn awakọ̀ NURTW wà lára àwọn tó wa bọ́ọ̀sì. Ó yẹ kí àwọn onítákísì àti oníkẹ̀kẹ́ Ìlọrin wà nídìí tábìlì láti ìgbà tí wọ́n bá ti ń ka èrò, kí wọ́n ti mọ ẹni tó máa rí iṣẹ́ bọ́ọ̀sì ṣe, ẹni tó máa máa kó èrò láti Gáà-Akanbí àti Basin wá sí ibùdókọ̀, àti ibi tí kẹ̀kẹ́ máa dúró sí tí kò ní dí ẹnu ọ̀nà.

Àwa òǹkàwé yín,
Tanke, Ìlọrin