Sí Àbẹ̀kẹ́, lórí ọ̀rọ̀ kaba

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ara bàbá rẹ ti ń yá, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti fúyẹ́ díẹ̀. Mi ò fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ yìí lórí fóònù, torí bí mo bá gbọ́ ohùn rẹ, àánú rẹ yóò ṣe mí, mi ò sì ní lè sọ ọ́ tán.

Obìnrin tó ní kí o rán kaba tí òun yóò fi sin ìyá òun wá kí mi. Kò wá fẹjọ́ sùn o, èmi ni mo béèrè. Ó ní Ọjọ́rú lo dá fún òun, àmọ́ alẹ́ ọjọ́ Ẹtì lo tó gbé e jáde, owó rẹ̀ sì ti pé lọ́wọ́ rẹ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Òwú tí o kọ́kọ́ fi mú apá rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, o ò ká etí ìsàlẹ̀, ẹ̀yìn ò ní síìpù. Píìnì ló fi há a, ló wá fi ìborùn bò ó tẹ̀lé pósí. Nígbà tó bi ọ́ pé kí ló dé, o ní ìsọ́ òru lo lọ, pé Ọlọ́run mọ ọkàn rẹ.

Ìsọ́ òru yẹn ló dùn mí jù. Èmi ni mo kọ́ ọ ní àdúrà, mi ò lè ní kí o má lọ. Ṣùgbọ́n ìwọ lo fi ẹnu ara rẹ dá Ọjọ́rú, Ọlọ́run sì ń gbọ́ nígbà tí ò ń dá a. Obìnrin yẹn náà ń gbàdúrà. Kí lo rò pé ó bá Ọlọ́run sọ nípa rẹ lóru ọjọ́ Ẹtì?

Má rò pé èmi ò ṣe irú rẹ̀ rí. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí n ṣe fíríídọ̀mù, mo rán bùbá kan, mi ò di etí inú rẹ̀. Ta ni yóò wo inú? Ọ̀gá mi ò tilẹ̀ wo ojú aṣọ. Ó yí inú rẹ̀ síta, ó fa òwú kan, ẹ̀gbẹ́ aṣọ là gbàrà. Kò bú mi. Ó ní kí n tú u, kí n tún un rán, fíríídọ̀mù mi sì di ọdún tó tẹ̀lé e. Bàbá mi ti ra kéréètì mínírà sílẹ̀!

Lọ ka Ìṣe àwọn Àpósítélì orí 9. Nígbà tí Dọ́kásì kú ní Jópà, tí Pétérù gòkè lọ sí yàrá, ẹ̀wù àti aṣọ tó dá ni àwọn opó ń fi hàn án, tí wọ́n ń sunkún. Bíbélì ò sọ iye ìsọ́ òru tó ṣe. Mo máa ń rò ó pé, ká ní àwọn ẹ̀wù yẹn ṣì wà lórí ìkọ́ láìlápá, kí ni wọn ì bá gbé síwájú Pétérù?

Ẹni tó parí iṣẹ́ náà ló jẹ́ ká rí ìtàn yẹn kà. Ní 1850 ni Àjàyí Crowther gbé ìwé Róòmù jáde lédè wa, odindi Bíbélì ò sì pé títí di 1884. Ká ní òun àti àwọn tí wọ́n jọ ṣe é dúró lórí Róòmù, kí wọ́n ní Ọlọ́run mọ ọkàn àwọn, èmi tí mo ka ìwé mẹ́fà péré, níbo ni mo ti máa pàdé Dọ́kásì?

Ka aṣọ tó wà lórí ìkọ́ rẹ lónìí. Èyí tí o ò ní lè rán kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé, pe olówó rẹ̀, kí o dá owó rẹ̀ padà. Má fi owó aṣọ ẹnì kan ra síìpù ẹlòmíràn mọ́. Tí Kérésìmesì bá sì ń bọ̀, tí wọ́n ń kó áńkárá wọlé, kọ́ bí a ṣe ń sọ pé, "Ẹ má bínú, ọwọ́ mi ti kún." Mo mọ̀ pé ó ṣòro. Bí ó bá jẹ́ iná ni kò sí, máṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ mi wà níbí, màá fi í ránṣẹ́ sí ọ nínú mọ́tò.

Mo ní kí obìnrin yẹn fi kaba náà sílẹ̀. Òun ló wà nínú ọ̀rá yìí, pẹ̀lú síìpù dúdú kan. Mi ò bá ọ fọwọ́ kan ibì kankan lára rẹ̀. Mo ti sọ fún un pé Ọjọ́rú ni.

Èmi ni,
Ìyá rẹ