Ẹ fi ọ̀nà sílẹ̀ fún áḿbúláǹsì ní tóògéètì

Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Bí ọ̀rọ̀ tóògéètì bá ti délẹ̀, owó nìkan ni gbogbo wa ń bá jà. Áḿbúláǹsì àti ọkọ̀ panápaná kì í sí nínú ọ̀rọ̀ náà.

Ẹ wo ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn. Kọnkéré ló pín in sí méjì. Ẹni tó pe 122 (nọ́ńbà ẹ̀ṣọ́ ojú pópó) tàbí 112 (nọ́ńbà pàjáwìrì) tó ní "Ìbàfò la wà" kò tíì sọ nǹkan kan: ṣé apá tó ń lọ Ìbàdàn ni, àbí èyí tó ń bọ̀ wá Èkó? Bí ọkọ̀ bá gba apá òdì, ó di ibi tó bá ti lè yí padà. Kí wọ́n kọ nọ́ńbà gàdàgbà sára kọnkéré ní gbogbo mítà 200, kí wọ́n sì fi irin tó ṣeé ṣí sí àwọn ibì kan, kí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó àti panápaná, kì í ṣe lọ́wọ́ máníjà tóògéètì tó ti lọ sílé.

Ní géètì, kí ọ̀nà etí pátápátá jẹ́ ti pàjáwìrì, kó fẹ̀ tó mítà 4, torí ọkọ̀ tó ń wọ́ tírélà kò lè gba èyí tó há. Kí ọ̀pá ìdábùú ṣeé fọwọ́ gbé bí iná bá lọ. Iná yóò kúkú lọ.

Bí tánkà bá ṣubú, kí ẹni tó gba ìpè béèrè ohun tó gbé. Bẹntiróòlù ń léfòó lórí omi. Omi lásán á kàn gbé iná wọ gọ́tà ni. Fóòmù, ìyẹn ìfófòó tí panápaná fi ń bo iná, ni kí wọ́n gbé lọ, kí géètì sì dá ọkọ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn dúró lójú ẹsẹ̀.

Àwa òṣìṣẹ́ pàjáwìrì,
Ṣágámù.