Lẹ́tà sí Ọmọ́wálé lórí ẹ́ńjìnì Bàbá

Ìgbókòdá,
Ìpínlẹ̀ Oǹdó.
Ọjọ́ 16, oṣù Kejì, ọdún 2025.

Ọmọ́wálé, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ àti àwọn ọmọ, ẹ kú òtútù. Ọ̀rọ̀ kan ti gba gbogbo ọkàn mi láti oṣù Kọkànlá, n kò sì rí ẹni tí mo lè sọ ọ́ fún tí yóò yé bí yóò ṣe yé ọ. Ẹ́ńjìnì Perkins tó wà nínú ọkọ̀ ojú omi Bàbá ti wà nílẹ̀, a ti tú u palẹ̀.

Ayétòrò ni a ti ń bọ̀ pẹ̀lú ẹrù ẹja nígbà tí ẹ́ńjìnì náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Mo rò pé ewéko ló dí ẹnu ibi tó ti ń fa omi, mo sì ní kí a rọra máa bọ̀. Àṣìṣe ńlá ni mo ṣe. Kí a tó dé èbúté, èéfín funfun ti bo ẹ̀yìn ọkọ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ tí mo tú nọ́ọ̀tì abẹ́ rẹ̀ láti fa ọ́ìlì, omi ló kọ́kọ́ dà jáde. Ọ́ìlì tó tẹ̀ lé e kò dúdú mọ́, ó ki, ó sì funfun bí ògì tí a kò tíì gbé ka iná. Mo jókòó sórí pákó ọkọ̀, n kò lè sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́.

Ọkùnrin mẹ́fà ló fi ṣéènì gbé e jáde lórí igi mẹ́ta tí a dì pọ̀. O mọ bí gbígbé e wọlé ṣe rí, ìwọ tí àpá rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ. Nígbà tí ọ̀gá mẹkáníìkì ṣí orí rẹ̀, gásíkẹ́ẹ̀tì tó dí àárín orí àti búlọ́ọ̀kù ti jó láàárín sílíńdà kejì àti ìkẹta, ríìngì ìkẹta sì ti lẹ̀ mọ́ pístìnì débi pé òòlù ni wọ́n fi yọ ọ́. Ó ní kí n ti ìka bọ inú sílíìfù, ihò irin tí pístìnì ń gbà lọ sókè sódò, kí n fà á gòkè: èékánná mi kọ́ etí kan lókè, níbi tí ríìngì ti jẹ irin wọlé fún ọdún gbọọrọ. Kránkì, irin ńlá tí àwọn pístìnì ń yí, ni ó tún wá bà mí lẹ́rù jù. Wọ́n ti lọ̀ ọ́ rí dé 20 nínú ẹgbẹ̀rún ìdá íǹṣì, bẹ́ríìnì ti 30 sì ni ìwọ̀n tó kéré jù tí a lè rí rà. Ìlọ̀ ìkẹyìn nìyí. Bí ó bá tún nọ́ọ̀kì, kránkì mìíràn la ó máa wá.

Ṣùgbọ́n búlọ́ọ̀kù rẹ̀ kò sán, Ọmọ́wálé. Ìdí nìyẹn tí n kò fi gbà fún àwọn ẹ̀gbọ́n mi tí wọ́n ní kí n tà á fún àwọn tó ń ra ajákù irin, kí a sì so Yamaha méjì mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀. Yamaha 40 kan ṣoṣo ń mu ju lítà pẹtiróòlù 15 lọ ní wákàtí kan bí a bá tẹ̀ ẹ́ dé òpin, bẹ́ẹ̀ tiwa kì í mu tó lítà 10 bí ó bá ń rọra gbé ẹrù lọ. Perkins 4.236 yìí kan náà ló sì wà nínú ọ̀pọ̀ kátakátá Massey Ferguson, nítorí náà pístìnì, sílíìfù àti bẹ́ríìnì rẹ̀ kò ṣọ̀wọ́n.

Wọn kò ṣọ̀wọ́n, ṣùgbọ́n owó wọn kò ṣeé gbọ́. Láti oṣù Kẹfà ọdún 2023 tí náírà ti já wálẹ̀ níwájú dọ́là, iye tí a bá bá lórí ọjà lánàá kọ́ ni a ó bá lónìí. ₦600,000 ni mo fi ọkàn sí. Pístìnì àti sílíìfù nìkan gba ₦420,000. Oníṣòwò kan l'Ékòó sì ti kọ́kọ́ ta ti Perkins 4.248 fún mi, tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 101, nígbà tí tiwa kò ju 98 àti díẹ̀ lọ. Kí ó tó gbà á padà, ó yọ ₦140,000 lórí owó mi. Tí a bá ro kránkì, bẹ́ríìnì, gásíkẹ́ẹ̀tì, pọ́ǹpù díísù àti owó iṣẹ́ mọ́ ọn, ₦1,080,000 ti lọ, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni mo sì ti yá èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Ìyàwó mi kò bá mi jà, ṣùgbọ́n ó ti dẹ́kun bíbéèrè iye tó kù.

Àbúrò mi obìnrin ti bí ìbejì, tọmọtìyá ń ṣe dáadáa. Òkun sì tún ti gbé ilé lọ ní Ayétòrò.

Bàbá ń fi ọ̀pá rìn wá sí abẹ́ àtíbàbà láràárọ̀. Kì í béèrè owó. Ó kàn ń béèrè pé, "Ṣé ó ti wúkọ́?" Màá ní kò tíì wúkọ́, yóò sì jókòó ti búlọ́ọ̀kù náà, yóò máa fi àkísà nu àwo kékeré tó wà lára rẹ̀.

Lára àwo yẹn ni mo ti rí orúkọ ìlú tí o ń gbé. Peterborough ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti ṣe é, ìdí sì nìyẹn tí mo fi ń kọ̀wé sí ọ. Kátakátá ń fi afẹ́fẹ́ tu omi rẹ̀, ṣùgbọ́n omi òkun ló ń tu tiwa, ó ń gba inú àwọn ọ̀pá bàbà tín-ín-rín kọjá nínú àpótí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnì. Iyọ̀ ti jẹ àwọn ọ̀pá náà lu, ibẹ̀ ni gbogbo wàhálà yìí ti bẹ̀rẹ̀, kò sì sí ẹni tó ní irú rẹ̀ ní Èkó tàbí ní Warri. Jọ̀wọ́, bá mi wá ìdì ọ̀pá náà, rọ́bà ẹnu rẹ̀ méjì, àti rọ́bà abẹ̀bẹ̀ inú pọ́ǹpù omi. Mo ti fi fọ́tò àti ìwọ̀n wọn ránṣẹ́ sórí WhatsApp rẹ. Bí ó bá ṣeé ṣe, rà á ná, fi ránṣẹ́ pẹ̀lú àwọn tó ń kó ẹrù wálé, màá sì san owó rẹ padà kí oṣù Kẹwàá tó parí. Bí kò bá rọrùn, sọ fún mi láìfòyà, kí n lè tètè mọ ohun tí màá sọ fún Bàbá.

Ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́,
Akínọlá.