Yìnyín Tó Pẹ́ Dé ní New York

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ní ọjọ́ 1 oṣù Kejì, ọdún 2023, ni yìnyín àkọ́kọ́ tó ṣeé wọ̀n ní sáà òtútù náà tó balẹ̀ sí Central Park, ọgbà ìtura ńlá ìlú New York, kò sì pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ rí láti ọdún 1869 tí àkọsílẹ̀ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Inú ọ̀pọ̀ àwa ọmọ Yorùbá níbí dùn pé a bọ́ lọ́wọ́ kíkó yìnyín lẹ́nu ọ̀nà (èmi náà ò fẹ́ràn ṣọ́bìrì), ṣùgbọ́n yìnyín ló ń dáàbò bo gbòǹgbò igi àti kòkòrò inú ilẹ̀ lọ́wọ́ òtútù líle, òun ló sì ń fi ipasẹ̀ ọ̀kẹ́rẹ́ han ẹni tó ń rìn gbẹ̀fẹ́. Ẹ̀yin òbí, ẹ má dúró dè é kí ẹ tó mú àwọn ọmọ jáde, nítorí pé wọ́n á rí ẹyẹ dáadáa, torí kò ríbi sá pamọ́ sí lórí igi tó ti wọ́wé.

Òǹkàwé yín,
Brooklyn, New York